Ẹkún Ẹni Tí A Kò Mọ̀ Rí



Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí: "Bàbá, ẹni yìí kì í ṣe ẹbí mi, mi ò rí i lójúkojú rí. Kí ló dé tí ikú ẹ̀ ń dùn mí báyìí?" Ojú a máa tì wọ́n láti bi í. Kò yẹ kójú tì wọ́n.

Ẹ rántí oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ọjọ́ 12 oṣù náà ni Ìlérí Olúwa Alọ́bà, olórin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mohbad, kú. Ọmọ ọdún 27 ni. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí àwọn ọ̀dọ́ tú síta l'Ékòó lálẹ́, àbẹ́là lọ́wọ́, omi lójú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò bá a jókòó rí. Kí ló ń pa wọ́n lẹ́kún?

Àkọ́kọ́, ọ̀tá kan náà la jọ ní. Ifá kọ́ wa pé ajogun mẹ́jọ ló ń bá ọmọ aráyé jà: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èse. Wọn kì í béèrè ìdílé ẹni kí wọ́n tó wọlé. Bí ẹnì kan bá ṣubú lójú ogun, ẹni tí wọ́n jọ ń ja ogun ọ̀hún ò ní kọ́kọ́ bi í pé ọmọ ta ni kí àyà ẹ̀ tó já.

Ìkejì, ikú ọ̀dọ́ ń da ètò rú. Bí àgbà bá lọ, à ń pa ẹran, à ń jó. Bí ọ̀dọ́ bá lọ, òkú ọ̀fọ̀ ni, àwọn òbí ò tiẹ̀ gbọdọ̀ dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Àdúrà wa ni pé kọ́mọ ó sin wá. Bó bá wá di pé òbí ló ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ, àdúrà tó wà lẹ́nu gbogbo wa ni ikú yẹn kàn.

Ìkẹta, àwọn àgbà ní òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Ẹ̀gbọ́n tó o pàdánù tó ò ráyè sunkún ẹ̀ dáadáa ńkọ́? Ẹkún ẹ̀ ṣì wà nínú ẹ. Ikú àjèjì a kàn wá ṣílẹ̀kùn fún un ni.

Ìtàn kan sì wà nínú Ifá, pé wọ́n pa ìyá Ikú ní ọjà Èjìgbòmẹkùn. Ikú gbọ́, ó fi ìbínú ńlá dìde. Ẹ wò ó o! Ikú tó ti ń sọ ọmọ ọlọ́mọ di òkú látọjọ́ pípẹ́! Ohun tí èmi rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìgbà tó kan ìyá ẹ̀ ló mọ̀ pé ikú ń dunni. Ẹni tí ikú ọmọ ẹlòmíì dùn kó tó kan ilé tirẹ̀, onítọ̀hún sàn ju Ikú lọ. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Ẹ má fi ìbànújẹ́ ṣe adájọ́. Bí ọ̀dọ́ bá kú lójijì, kíá làwọn èèyàn á ti máa dárúkọ ẹni tó pa á. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ má sì máa fi fọ́tò òkú ránṣẹ́ káàkiri. Òkú náà ní ìyá.

Kí wá ni ṣíṣe? Da omi tútù sílẹ̀, kó o sì ṣàdúrà kí ọ̀nà ọ̀run dán fún un. Bọ Orí rẹ, torí Orí ló ń gbeni. Lẹ́yìn náà, pe ẹni rẹ tó ti dákẹ́ jù láti ọjọ́ mẹ́ta, kó o béèrè àlàáfíà ẹ̀. Ẹni tó sunkún olórin lánàá, tí kò yà kí ará ilé kejì tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lónìí, ẹkún ẹ̀ ò tíì dé ibi tó ń lọ.

Ọ̀yẹ̀kú Méjì á bá wa yẹ ikú lórí tọmọtọmọ. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.