Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Kọ́ Sáyẹ́ǹsì ní Majuro

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń forúkọ sílẹ̀ fún sáyẹ́ǹsì ní College of the Marshall Islands, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí iṣẹ́ tí a fi ń wá máàkì lásán.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Laura, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn Majuro. Omi òjò tó rin wọnú iyanrìn ló léfòó sórí omi iyọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ó fúyẹ́ jù ú lọ. Bí a bá fà á ní àfàjù, omi iyọ̀ á gòkè, kànga á sì bàjẹ́. Ẹ tọ́ ọ wò nígbà ọ̀dá, ẹ wọn iyọ̀ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má sá fún kẹ́mísírì àti físíìsì. Láàárín 1946 sí 1958, Amẹ́ríkà dán bọ́ǹbù núkílíà 67 wò ní Bikini àti Enewetak. Ó ń dùn mí títí dòní. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín lè yẹ ilẹ̀ àti àgbọn yín wò, kí ẹ má máa dúró de àlejò.

Ẹ tún jókòó ti àwọn àgbà atukọ̀ tó ń fi ìgbì omi mọ ibi tí erékùṣù wà. Ẹ mú ìwé àti bírò dání.