Ẹ̀kọ́ Ìdílé: Oúnjẹ àti Ìtọ́jú Ehoro Chinchilla

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. 

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ẹran kékeré kan tí àwọn ọmọ ń mú wọ ilé wa, èyí ni ehoro. Ọmọ á tọrọ rẹ̀, bàbá á rà á, ìyá ni yóò wá máa wá ohun tí yóò jẹ kiri. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, ẹran náà á kú, a ó sì sọ pé kádàrá ni. Òótọ́ ni pé kò sí ohun tó kọjá kádàrá, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun yóò bi wá léèrè ohun tí ọwọ́ wa ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, òùngbẹ ló pa ehoro náà, tàbí ooru, tàbí oúnjẹ tí kò bá inú rẹ̀ mu. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí tọmọdé tàgbà jọ ka ẹ̀kọ́ yìí.

1. Orúkọ kan, ẹran méjì

Chinchilla gan-an kì í ṣe ehoro. Ẹran kékeré onírun múlọ́múlọ́ kan ni, orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Àwọn ọdẹ pa á nítorí awọ rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ní ọdún 1923, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Mathias Chapman, kó mọ́kànlá láti ilẹ̀ Chile lọ sí ìlú rẹ̀, ara wọn sì ni ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń sìn nínú ilé lónìí ti ṣẹ̀.

Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 1913, wọ́n fi ehoro kan han aráyé ní ilẹ̀ Faransé, tí irun rẹ̀ aláwọ̀ eérú jọ ti ẹran orí òkè yẹn. Wọ́n bá sọ ọ́ ní Chinchilla. Ehoro yìí wà lára àwọn tí wọ́n ń sìn ní Nàìjíríà, pẹ̀lú New Zealand funfun àti California. Òun ni à ń sọ. Síbẹ̀, ẹran méjèèjì jọra ní ọ̀nà mẹ́ta: koríko ni oúnjẹ wọn, eyín wọn ń dàgbà títí ọjọ́ ikú, ooru sì ni ọ̀tá wọn.

2. Kí ni ẹ̀sìn wa sọ?

Ehoro jẹ́ hàláàlì. Hàdíìsì Anas ọmọ Màlíkì wà nínú Bukhari àti Muslim, pé òun mú ehoro kan nítòsí Mẹ́kà, Abu Talha pa á, ó sì fi itan rẹ̀ ránṣẹ́ sí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ó sì gbà á. Nínú ìmọ̀ Màlíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹran tí jíjẹ rẹ̀ jẹ́ hàláàlì kì í ṣe nájísì. Ṣùgbọ́n ìmọ́tótó yẹ wá, nítorí náà ẹ máa gbá ibẹ̀ lójoojúmọ́.

Bí jíjẹ rẹ̀ bá jẹ́ hàláàlì, fífi ìyà jẹ ẹ́ kì í ṣe hàláàlì. Súúrà Al-An‘ām, ẹsẹ 38, kọ́ wa pé ìjọ bíi tiwa ni àwọn ẹranko àti ẹyẹ. Ìwé hàdíìsì méjèèjì yìí kan náà sì gba ìtàn obìnrin kan tó di èrò iná nítorí ológbò. Ó há a mọ́, kò fún un lóúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kó lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Ẹ kíyè sí i pé ìtàn náà kò sọ pé ó na ológbò yìí. Híhá a mọ́ láìbọ́ ọ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ewúrẹ́ àti adìyẹ tó ń jẹ̀ kiri lè wá tiwọn. Ehoro inú àgò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá há mọ́, ọrùn wa ni oúnjẹ rẹ̀ wà.

3. Oúnjẹ rẹ̀

Koríko ni kí ó pọ̀ jù, kí ó sì wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Koríko ló ń lọ eyín rẹ̀ tí kì í fi gùn jù, òun náà ló ń jẹ́ kí ìfun rẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Ehoro kì í jẹ àpọ̀jẹ bí àgbò, ṣùgbọ́n àpò ńlá kan wà nínú ìfun rẹ̀ tí koríko ti ń kan. Lẹ́yìn náà ni yóò yọ ìgbẹ́ rírọ̀ kan, tí yóò fi ẹnu gbà nídìí ara rẹ̀ tí yóò sì gbé mì. Kí àwọn ọmọ má ṣe lé e bí wọ́n bá rí i. Àìsàn kọ́, bí Ọlọ́hun ṣe dá a nìyẹn.

Eèsún, yúnyun àti ìgbálódé dára fún un. Harawa, ìyẹn ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí a ń rà fún àgbò, dára díẹ̀díẹ̀. Nígbà òjò, ẹ gé koríko, kí ẹ sá a sí abẹ́ òrùlé kó gbẹ, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ de ọyẹ́, nígbà tí ilẹ̀ Plateau bá gbẹ táútáú. Ànábì Yúsúfù ti kọ́ wa bí a ṣe ń fi ọdún ọ̀pọ̀ pamọ́ de ọdún ọ̀dá. Koríko tó bu, ẹ dà á nù.

Ohun tó ń kó wa ní Jos sí wàhálà ni pé ẹ̀fọ́ pọ̀. Ewé kábéèjì tí wọ́n já dànù ní ọjà Farin Gada lè kún àpò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó ní ehoro á sì rò pé òun ti rí oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Kábéèjì púpọ̀ lójijì máa ń wú inú ehoro, pàápàá ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ehoro kò sì lè bì bí inú bá wú u. Ẹ̀kúnwọ́ ewé tútù kan lójúmọ́ tó. Ẹ fọ̀ ọ́, nítorí oògùn kòkòrò tí àgbẹ̀ ń fín, kí ẹ jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ. Kárọ́ọ̀tì dùn mọ́ ọn bí súìtì ṣe ń dùn mọ́ ọmọdé, nítorí náà, kò gbọdọ̀ ju ègé kékeré lọ, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ: búrẹ́dì, gàárì, bísíkíìtì, èso àti ewé píà, ewé àti ẹ̀hù ọ̀dùnkún òyìnbó tí wọ́n ń gbìn káàkiri Plateau. Ẹ má sì ṣe fún un ní oúnjẹ adìyẹ. Oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ òmíràn nínú rẹ̀ lè pa ehoro.

4. Omi àti ilé

Ehoro tó wọn kílò 3 lè mu omi tó mílílítà 150 sí 300 lójúmọ́, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru. Ẹ fọ abọ́ rẹ̀ láràárọ̀.

Òtútù Jos bá a lára mu bí ara rẹ̀ bá gbẹ tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò sì fẹ́ lù ú tààrà. Ooru ni kò lè fara dà, nítorí kì í làágùn bíi tiwa. Ẹ gbé àgò rẹ̀ sí ibòòji, kí òjò má sì ṣe kàn án. Bí ìsàlẹ̀ àgò bá jẹ́ wáyà, ẹ tẹ́ pákó sí apá kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa dá egbò. Ẹ má ṣe fi omi wẹ̀ ẹ́. Akọ àti abo kò gbọdọ̀ jọ gbé láti ìgbà tí wọ́n bá ti pé oṣù mẹ́ta, àfi bí ẹ bá fẹ́ ọmọ, nítorí oyún rẹ̀ kò ju bí ọjọ́ 31 lọ.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé a kì í fi etí gbé ehoro. Ọwọ́ kan ní àyà, ọwọ́ kejì ní ìdí. Bí ó bá ta ẹsẹ̀ lófuurufú, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lè kán.

5. Àìsàn

Ehoro tí kò jẹun láàárín ọjọ́ kan ti wà nínú ewu. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe da ampicillin tàbí amoxicillin sínú omi rẹ̀. Oògùn tó ń wo ènìyàn sàn yìí máa ń pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun ehoro àti ti chinchilla, ẹran náà á sì kú. Àwa ará Jos ní oore kan. Ilé ìwádìí àìsàn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ wà nítòsí wa ní Vom láti ọdún 1924, àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ẹran kò sì ṣọ̀wọ́n lágbègbè wa.

6. Bí a bá ń lọ sílé fún Iléyá

Ibí yìí ló kan àwa tí a ń gbé ìdálẹ̀ jù. Bí gbogbo ilé bá ń lọ sí Ọ̀fà, Ìlọrin tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ta ni yóò bọ́ ehoro? Dída koríko ọjọ́ mẹ́wàá sílẹ̀ kò tó, nítorí omi á tán, koríko á sì bàjẹ́. Ẹ fi í lé aládùúgbò tó mọ̀ ọ́n tọ́jú lọ́wọ́, kí ẹ fún un ní owó oúnjẹ rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e sínú búùtù mọ́tò. Ooru ọ̀nà lè pa á kí ẹ tó délé.

Bákan náà, ẹ ṣọ́ra fún gbígbé ehoro tuntun bọ̀ láti ilé. Ní ọdún 2020, àrùn kan tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà nínú ara ehoro, tó sì ń pa á kíákíá, bẹ́ sílẹ̀ ní Ìlọrin. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń ran ehoro láti ara àgò, koríko àti aṣọ. Ẹ ya èyí tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa bọ́ ti àtijọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan tuntun.

Ìbéèrè fún ìdílé

(a) Kí ni obìnrin inú hàdíìsì náà kò ṣe tó yẹ kó ṣe?
(b) Nínú ilé yín, ta ni iṣẹ́ omi láràárọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí kò bá sí nílé ńkọ́?
(d) Èwo nínú oúnjẹ tí ẹ ń fún ehoro yín ló yẹ kí ẹ dá dúró lónìí?

Ilé tí kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè kejì, kí wọ́n má tíì ra ehoro. Kí Ọlọ́hun Ọba jẹ́ kí a lè ṣọ́ amánà tó fi sí wa lọ́wọ́, ńlá àti kékeré. Àmín.