Nígbà tí libssl-dev bá kọ̀ láti wọlé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ubuntu 22.04 ni mo ń lò. Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa ní kíláàsì ń fẹ́ Python 3.12, 3.10 ló sì wà lórí ẹ̀rọ mi. Mo fa kóòdù Python wá, mo ṣe configure, make àti sudo make install, gbogbo rẹ̀ sì parí wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n pip kò fa ohunkóhun wá, ó ní kò sí ssl. Mo fi openssl sórí ẹ̀rọ, kò yí padà. Wọ́n ní libssl-dev ni kí n wá. Apt ní libssl-dev ń fẹ́ libssl3 tó jẹ́ 3.0.2-0ubuntu1, pé 3.0.2-0ubuntu1.18 ló wà nílẹ̀, pé mo ní “held broken packages”. Mi ò di ohunkóhun mú o. Mo wo fídíò kan, wọ́n ní kí n fi update-alternatives yí python3 sí 3.12. Láti ìgbà yẹn, terminal kì í ṣí mọ́. Ṣé kí n nu ẹ̀rọ yìí mọ́, kí n tún Ubuntu gbé sí i ni?
— Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má nu ẹ̀rọ kankan. Ìṣòro mẹ́ta ló gun ara wọn lórí, kò sì sí èyí tó ju ìdajì wákàtí lọ nínú wọn. Èyí tó dé kẹ́yìn la ó kọ́kọ́ tú, nítorí kò sí bí o ṣe fẹ́ ṣe ìyókù láìsí terminal.

Tẹ Ctrl, Alt àti F3 pọ̀. Ojú ẹ̀rọ yóò di dúdú, yóò sì béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ. Ọ̀rọ̀ aṣínà kì í hàn bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà ọ́. Lẹ́yìn náà, tẹ àṣẹ méjì yìí:

sudo update-alternatives --remove-all python3
sudo ln -sf python3.10 /usr/bin/python3

Ctrl, Alt àti F2 ni yóò dá ọ padà síbi tí o ti wá, terminal yóò sì ṣí. Ìdí ni pé terminal tí o máa ń tẹ̀ lórí Ubuntu 22.04, Python ni wọ́n fi kọ ìlẹ̀kùn rẹ̀, /usr/bin/python3 ló sì máa ń pè. Bẹ́ẹ̀ náà ni add-apt-repository àti ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ mìíràn. Apá tí wọ́n gbára lé, bí apt_pkg àti gi, 3.10 ni wọ́n kọ́ ọ fún. Bí o bá gbé 3.12 síbẹ̀, wọn yóò wá ohun tí wọ́n ń lò tì. Ubuntu ló ni /usr/bin/python3, kì í ṣe ìwọ. Ẹni tó ṣe fídíò yẹn kò ṣe ọ́ lóore, irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ jọjọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó ku apt. Gbólóhùn tó ní o di package mú yẹn ti kó ìdààmú bá àwọn tó gbọ́n jù wá lọ. Bí o bá tẹ apt-mark showhold, wàá rí i pé kò ní mú orúkọ kankan jáde. Ìlà tó wà lókè gbólóhùn náà lẹ́sẹ̀ ọ̀rọ̀ wà, ìwọ náà sì ti dà á kọ sínú lẹ́tà rẹ: libssl-dev ń fẹ́ libssl3 kan pàtó, òmíràn ló wà lórí ẹ̀rọ.

Kí ló dé tí kò fi lè gba èyí tó wà? Libssl3 ni aṣọ tí télọ̀ ti rán tán; àwọn ètò tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ kàn ń gbé e wọ̀ ni. Libssl-dev ni ìwé tí télọ̀ kọ òṣùwọ̀n sí. Ẹni tó fẹ́ rán òmíràn tí yóò bá a mu, ìwé yẹn ló nílò, òṣùwọ̀n inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti aṣọ yẹn gan-an. Ìdí nìyí tí openssl tí o fi sórí ẹ̀rọ kò fi ran Python lọ́wọ́: àṣẹ tí èèyàn ń tẹ̀ ni ìyẹn, kò sí ìwé òṣùwọ̀n nínú rẹ̀. Láàárín àwa tó ń lo Debian àti Ubuntu, -dev ló máa ń parí orúkọ irú package bẹ́ẹ̀; lọ́dọ̀ àwọn ará Fedora, -devel ni. Bí configure bá ní òun kò rí nǹkan kan, tó sì dá ọ lójú pé nǹkan náà wà lórí ẹ̀rọ, -dev rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Wàyí o, tẹ èyí:

apt-cache policy libssl3 libssl-dev

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ ohun tí wàá rí. Libssl3 tó wà nílẹ̀ yóò jẹ́ 0ubuntu1.18, libssl-dev tí apt lè fún ọ yóò sì jẹ́ 0ubuntu1, èyí tó bá Ubuntu 22.04 jáde lóṣù kẹrin ọdún 2022. Wo orúkọ ibi tí apt ti ń fa nǹkan, tó wà lábẹ́ wọn: jammy, orúkọ mìíràn fún Ubuntu 22.04, nìkan ni yóò wà níbẹ̀, kò ní sí jammy-updates, kò ní sí jammy-security. Ìyẹn ni pé nígbà kan rí, ẹ̀rọ rẹ gba àtúnṣe ààbò, libssl3 sì lọ sókè. Lẹ́yìn náà lẹnìkan yọ ìlà àwọn àtúnṣe kúrò nínú /etc/apt/sources.list. Ó lè jẹ́ ìwọ, ó lè jẹ́ ẹni tó bá ọ tún un ṣe. Mo mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń ṣe é nílé wa níbí: dátà wọ́n. Ṣùgbọ́n owó tí o rò pé o tọ́jú níbẹ̀, wàá fi ìlọ́po rẹ̀ wá ojútùú. Dá ìlà méjì yìí padà:

deb http://archive.ubuntu.com/ubuntu jammy-updates main restricted universe multiverse
deb http://security.ubuntu.com/ubuntu jammy-security main restricted universe multiverse

Kí o wá ṣe sudo apt update, lẹ́yìn náà sudo apt install libssl-dev. Méjèèjì yóò jọ gòkè sí ẹ̀yà kan náà, àríyànjiyàn yóò sì parí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín update, tí apt ń pariwo “Hash Sum mismatch”, pa ohun tó wà nínú /var/lib/apt/lists rẹ́, kí o tún update ṣe. Bí iná bá lọ nígbà tí package ń wọlé lọ́wọ́, tí bátìrì rẹ kò sì gbé e, sudo dpkg --configure -a ni yóò parí iṣẹ́ tó dúró sí ìdajì.

Àwọn kan yóò ní kí o fi --force-depends gbá libssl-dev wọlé, tàbí kí o fa libssl3 sẹ́yìn sí ẹ̀yà ti àtijọ́. Má ṣe méjèèjì. Èkínní yóò fi ìjà pa mọ́ sínú ẹ̀rọ, èkejì yóò da àtúnṣe ààbò nù. Kí o tó tẹ Y fún apt, ka orúkọ àwọn package tó fẹ́ yọ kúrò. Lọ́dún 2021, Linus Sebastian, ẹni tó ni ìkànnì fídíò Linus Tech Tips, fẹ́ fi Steam, ètò eré kọ̀ǹpútà, sórí Pop!_OS, tó jẹ́ ọmọ Ubuntu. Apt kìlọ̀ fún un pé òun yóò yọ àwọn package tó gbé ojú ẹ̀rọ náà ró, pé bó bá dá a lójú kó tẹ “Yes, do as I say!” Ó tẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ayé, ojú ẹ̀rọ náà sì lọ ráúráú. Àṣìṣe wà nínú package Steam ọjọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá kà á.

Ká wá bọ́ sórí Python fúnra rẹ̀. O ní ó parí wẹ́rẹ́. Kò parí o. Ssl jẹ́ ọ̀kan lára àwọn apá tí Python kà sí àṣàyàn: bí kò bá rí ohun tó fẹ́ fi kọ́ ọ, á fò ó dá, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ìparí make, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé “The necessary bits to build these optional modules were not found”, ó sì to orúkọ wọn sí abẹ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ _ssl nìkan ló wà níbẹ̀, kí _ctypes, _sqlite3 àti _lzma náà wà lára wọn. Zlib nìkan ni mo mọ̀ pé o ní, nítorí bí kò bá sí i, pip ì bá má wọlé rárá. Gbogbo èyí ti sáré kọjá lójú rẹ láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà. Nítorí náà, má ṣe make lásán mọ́. Ṣe é báyìí:

make 2>&1 | tee make.log

Gbogbo ohun tó bá sọ yóò wà nínú fáìlì make.log. Nígbà tí ètò mìíràn bá já lulẹ̀ pátápátá, ìlà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dà kọ ránṣẹ́ sí mi ni ti ìsàlẹ̀ pátápátá, tó ní “Error 2”. Kò sí ìròyìn kankan nínú ìyẹn. Òkè ni kí o ti máa wá a bọ̀. Ibi tí “error:” ti kọ́kọ́ jáde lọ̀rọ̀ wà, àbájáde rẹ̀ lásán sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá ní òun kò rí fáìlì bí openssl/ssl.h, fi apt-file sórí ẹ̀rọ, ṣe sudo apt-file update, kí o sì bi í léèrè: apt-file search openssl/ssl.h. Yóò dárúkọ package tó ni ín.

Fún Python 3.12, ìwọ̀nyí ni kí o kó sórí ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ libssl-dev: build-essential, pkg-config, zlib1g-dev, libffi-dev, libbz2-dev, liblzma-dev, libsqlite3-dev, libreadline-dev, libncurses-dev. Lẹ́yìn náà, padà sínú fódà kóòdù náà:

make distclean
./configure --prefix=$HOME/python312
make 2>&1 | tee make.log
./python -c "import ssl, sqlite3, ctypes, lzma"
make altinstall

Má fo distclean, torí configure àtijọ́ ti pinnu pé kò sí ssl. Bí ìlà kẹrin kò bá sọ ohunkóhun, ó ti yọrí nìyẹn. Kò sí sudo nínú gbogbo rẹ̀. Inú ilé tìrẹ ni Python náà yóò wà, ọjọ́ tó bá sú ọ, pa fódà náà rẹ́. Èyí tí o ti fi sudo make install kó sí /usr/local kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀: dpkg kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, Python kò sì ní àṣẹ make uninstall. Tẹ ls -l /usr/local/bin, kí o fi ọwọ́ ara rẹ yọ python3, pip3 àti àwọn ìyókù tí déètì wọn jẹ́ ti ọjọ́ náà, lẹ́yìn náà /usr/local/lib/python3.12 àti /usr/local/include/python3.12.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òtítọ́ fún ọ, àbúrò mi. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ kíláàsì nìkan ni, kò sí ìdí tí o fi ní láti kọ́ Python fúnra rẹ. Ubuntu 24.04 ní 3.12 nínú láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún 22.04 tìrẹ, PPA (ibi ìkó-package-sí tí kì í ṣe ti Ubuntu fúnra rẹ̀) tí wọ́n ń pè ní deadsnakes ní i, add-apt-repository tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe yìí ni wàá fi pè é. Fa python3.12 àti python3.12-venv wá, kí o wọ inú fódà iṣẹ́ rẹ, kí o tẹ python3.12 -m venv ayika, lẹ́yìn náà source ayika/bin/activate. Inú ibẹ̀ ni kí pip ti máa ṣiṣẹ́, má sì fi sudo sí i. Bí nǹkan kan bá tún kọ̀, fi make.log tàbí gbogbo ohun tí apt sọ ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà, láìgé e.