Ṣé Ìrànlọ́wọ́ Tètè Dé? Bí A Ṣe Ń Fi Ìbéèrè Wọn Iṣẹ́ Pàjáwìrì n'Ibàdàn

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ ní 1988. Lónìí, bí ọkọ̀ bá forí sọ ara wọn ní Challenge, a lè pe 112, tàbí 122 ti FRSC. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ìrànlọ́wọ́ tètè dé?

Èkíní, ẹ má bèèrè pé, "Ṣé wọ́n yára?" Ẹ bèèrè aago mẹ́ta: ìgbà tí wọ́n pè, ìgbà tí ọkọ̀ dé, ìgbà tí wọ́n wọ ọsibítù. Àkọsílẹ̀ ìpè inú fóònù sàn ju ìrántí lọ.

Èkejì, bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì UCH nìkan la dúró sí, a ò ní rí àwọn tó kú sójú ọ̀nà, àwọn tí Micra gbé lọ sí ọsibítù aládàáni ní Bódìjà, àtàwọn tí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ ato-eegun. Iṣẹ́ á dára nínú ìwé, òkú á sì máa sùn. Ẹ kàn ilẹ̀kùn láti Agbowó dé Ring Road, kí ẹ bèèrè pé, "Ta ló gbé yín?"

Ẹ̀kẹta, ká ní ìṣẹ́jú 10, 12, 15, 18 àti 95 la rí. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí 5, ó di 30; bẹ́ẹ̀ ẹni 4 nínú 5 kò dúró tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà láàárín, 15, ló sọ bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi 95 pamọ́ o: ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀.