Ìró ni ẹ̀rọ ń wọ̀n, kì í ṣe ariwo

Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá gbé ẹ̀rọ lọ sí ilé ìjọsìn tàbí ilé ọtí kan l'Ékòó, ohun tí a máa ń gbọ́ nínú ìròyìn ni pé wọ́n lọ “wọn ariwo”. Ìró ni ẹ̀rọ náà ń wọ̀n. Ohunkóhun tí etí lè gbọ́ ni ìró: ìró ẹsẹ̀, ìró ìlù, ìró jẹnẹrétọ̀. Ariwo ni ìró tó ń yọ ènìyàn lẹ́nu. Ìlù tó ń dùn mọ́ oníjó nínú, ariwo ni létí aládùúgbò tó fẹ́ sùn, bí wọ́n bá sì jọ wà ní ojú kan, iye kan náà ni ẹ̀rọ yóò kọ fún àwọn méjèèjì. Òfin ló ń sọ ibi tí ìró ti di ẹ̀ṣẹ̀: ní àdúgbò tí ènìyàn ń gbé, òpin tí LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, fi lélẹ̀ ni desíbẹ́lì 55 lọ́sàn-án àti 45 lóru.

Èyí tó ká mi lára jù ni “ohùn òkè” tí àwọn kan ń lò fún ìró tó le. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló ń ya igbá sọ́tọ̀ sí igba. Bí o tilẹ̀ sọ “igbá” jẹ́jẹ́ sí ọmọ létí, ohùn òkè rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ bi onígángan: bí ó bá fún ọsán ìlù mọ́ abẹ́ apá, ohùn ròkè, bí ó bá fi kọ̀ǹgọ́ lù ú kíkankíkan, ìró le. Líle yìí nìkan ni desíbẹ́lì ń sọ. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ti lo “ohùn rara” fún ohùn tó le, ó sì dára púpọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún “ìlọ́po” pẹ̀lú. Desíbẹ́lì 100 kì í ṣe ìlọ́po méjì 50. Bí iye náà bá fi 10 lé, agbára ìró ti di ìlọ́po mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé létí wa, bí ìlọ́po méjì ló máa ń rí. Òdo pàápàá kì í ṣe ìdákẹ́rọ́rọ́. Ìró tó kéré jù tí etí tó dá ṣáṣá lè gbọ́ ló dúró fún.

Ẹ̀yin oníròyìn wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ “ìwọ̀n ìró”, kí ẹ sì máa sọ bí ẹ̀rọ ṣe jìnnà tó sí ohun tó ń dún. Láìsí èyí, iye desíbẹ́lì tí ẹ kà fún wa kò lè yé ẹnikẹ́ni dáadáa.