Àbàwọ́n Inú Irin Yíyọ́: Ìṣàwárí Rẹ̀ àti Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá Lè Fi Pè É

1. Ìfáàrà

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí èbúté ojú òkun jíjìn ti Lẹ́kí ní agbègbè Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, Ìpínlẹ̀ Èkó. Oṣù kẹrin ọdún náà ni iṣẹ́ òwò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Omi ibẹ̀ jìn tó mítà 16.5, nítorí náà, àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá lè gúnlẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá dúró ní etí omi náà yóò ṣàkíyèsí pé irin ni ó gbé ọ̀pọ̀ nǹkan ibẹ̀ ró. Irin ni ọkọ̀, irin ni àpótí ẹrù tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹténà, irin sì ni kireni gíga tí ń gbé àpótí náà láti inú ọkọ̀ bọ́ sí orí ilẹ̀. Kọ̀ǹténà kan tí ẹrù kún inú rẹ̀ lè wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 30.

Bí irin kireni bá ní àléébù nínú, ojú lásán kò lè rí i. Ọjọ́ tí ẹrù bá ń fì lókè orí òṣìṣẹ́ ni àléébù náà lè fi ara hàn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú àléébù yìí kì í bẹ̀rẹ̀ ní èbúté. Inú ìléru ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí irin náà ṣì ń ṣàn bí omi. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣàwárí ohun tí kò yẹ kí ó wà nínú irin yíyọ́, àti láti wádìí irú ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ àti ògbufọ̀ lè fi ṣe àlàyé náà ní èdè Yorùbá láì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

2. Ìléru àtijọ́ àti ìléru òde òní

Èdè Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí ìmọ̀ yìí. Ní ọdún 1904, C. V. Bellamy gbé àkọsílẹ̀ kan jáde lórí ilé tí wọ́n ti ń sun òkúta irin ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1977 sì ni David Adeniji kọ ìwé lórí irin wíwà àti irin sísun ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí ó jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ bí ìléru, ẹwìrì, ẹ̀mú, ọmọ owú àti ìdàrọ́ ti wá sí ọwọ́ ìran òde òní.

Ohun kan wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Irin kì í yọ́ títí ooru rẹ̀ yóò fi dé 1538°C. Ìléru alámọ̀ tí wọ́n ń fi èédú dá kì í sábà gbóná ju nǹkan bí 1200°C lọ. Nítorí náà, nínú ìléru àtijọ́, irin kò yọ́. Ìdàrọ́ ni ó yọ́ tí ó sì ṣàn, tí irin fi kù sílẹ̀ bí odidi ìṣù oníhò, tí ìyókù ìdàrọ́ há sínú ihò rẹ̀. Ọmọ owú ni alágbẹ̀dẹ fi ń lù ú títí ìdàrọ́ náà yóò fi jáde. Lílù yìí kan náà ni àyẹ̀wò rẹ̀, nítorí ibi tí àléébù bá wà ni irin yóò ti sán. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Nínú ìléru òde òní, àti irin àti ìdàrọ́ ni ó ń yọ́ papọ̀. Ṣùgbọ́n ìdàrọ́ fúyẹ́ ju irin lọ, nítorí náà ó ń léfòó sí ojú rẹ̀ bí epo ti ń léfòó sí ojú omi ọbẹ̀. Ohun kan náà ni ìdàrọ́ ìgbà méjèèjì: ohun tí irin kọ̀ sílẹ̀. Nítorí náà kò sí ìdí láti wá ọ̀rọ̀ tuntun fún un. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pàápàá lo ìdàrọ́ fún ohun tí fàdákà kọ̀ sílẹ̀, bí ó ti hàn nínú orí kìn-ín-ní ìwé Aísáyà. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí irin nìkan, ó ti di ti gbogbo mẹ́táàlì.

3. Oríṣi àbàwọ́n mẹ́ta

Àwọn kan a máa pe gbogbo ohun tí kò yẹ nínú mẹ́táàlì ní ìdọ̀tí tàbí èérí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tó. Ohun tí a lè fi omi fọ̀ kúrò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí èérí, ibi yòówù tí ó bá sì wà, èérí náà ni. Mẹ́táàlì kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbà tí ó wà nínú ide kì í ṣe àléébù, nítorí òun ni ó mú un di ide. Ṣùgbọ́n bí bàbà bá pọ̀ jù nínú ọ̀pá irin ìkọ́lé, yóò ba ọ̀pá náà jẹ́. Ohun kan náà ni, ibi tí ó wà ni ó yàtọ̀. Àbàwọ́n ni ọ̀rọ̀ tí ó bá èrò yìí mu, nítorí pé ohun tí ó wà lára nǹkan mìíràn, tí kò sì yẹ ẹ́, ni àbàwọ́n. Èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i kí mẹ́táàlì lè dára sí i ni kí a pè ní àdàpọ̀. Èyí tí kò ní àbàwọ́n rárá ni ògidì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ ògidì ẹmu. Bí àpẹẹrẹ, ìbòjú Ifẹ̀ tí wọ́n mọ̀ mọ́ orúkọ Ọbalùfọ̀n jẹ́ bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògidì.

Àbàwọ́n pín sí oríṣi mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ipò tí ó wà nígbà tí irin ṣì ń ṣàn.

Èkíní ni aléfòó, èyí tí ó lọ sí ojú irin. Ìdàrọ́ ni olórí rẹ̀.

Èkejì ni ahásínú, ìyẹn ẹ̀kún kékeré tí kò yọ́ tàbí tí ó dá ara rẹ̀ yàtọ̀, tí ó sì há sí àárín irin bí òkúta wẹ́wẹ́ ti ń há sí àárín ìrẹsì. Ó lè jẹ́ ẹ̀kún láti ara amọ̀ ìléru, tàbí ohun tí ó jáde nígbà tí atẹ́gùn ọ́síjìn bá dàpọ̀ mọ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi sínú sítíìlì.

Ẹ̀kẹta ni ayọ́sínú, èyí tí ó ti yọ́ pátápátá sínú irin, bí iyọ̀ ti ń yọ́ sínú omi. Ojú kò lè yà á sọ́tọ̀. Imí-ọjọ́, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, bàbà àti háídírójìn wà nínú ẹgbẹ́ yìí.

Oríṣi kan lè di òmíràn. Imí-ọjọ́ jẹ́ ayọ́sínú nígbà tí irin ń ṣàn. Bí irin bá ń dì, imí-ọjọ́ a máa bá irin ṣe àpòpọ̀ tí ó ń tò sí ààlà àwọn hóró irin. Àpòpọ̀ náà a máa yọ́ ní nǹkan bí 988°C, nígbà tí irin fúnra rẹ̀ ṣì le. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń tẹ irin náà nígbà tí ó gbóná, yóò sán. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń da máńgánísì sínú sítíìlì, kí ó lè gba imí-ọjọ́ mọ́ra. Ohun tí méjèèjì bá ṣe papọ̀ kò ní yọ́ ní ìwọ̀n ooru kékeré yẹn, ṣùgbọ́n ó di ahásínú. Bí wọ́n bá sì yí irin náà sí pátákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ahásínú náà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá jó irú pátákó bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ òmíràn, agbára ìfàsẹ́yìn iná lè ya á ní ìpele ìpele lábẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó. Irú ìyapa bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń jó irin fún kireni, afárá àti ọkọ̀ òkun gbọ́dọ̀ bẹ̀rù. Kódà, àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ ìṣó ìdè ara ọkọ̀ Titanic wò, ọkọ̀ tí ó rì ní ọdún 1912, rí ìdàrọ́ nínú àwọn kan tí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

4. Bí wọ́n ṣe ń ṣàwárí rẹ̀

Oríṣi àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń wá a, nítorí náà ìpín mẹ́ta tí ó wà lókè yìí wúlò fún olùkọ́.

Aléfòó ni ó rọrùn jù. Ojú ń rí i, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti irin, wọ́n sì ń gbá a kúrò kí wọ́n tó da irin sínú ohun ìdàrin.

Fún ayọ́sínú, wọ́n ní láti bù nínú irin náà wò, gẹ́gẹ́ bí aláseje ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Wọ́n a ti ife kékeré bọ inú irin yíyọ́, irin inú rẹ̀ a dì kíákíá, wọ́n a sì lọ ojú rẹ̀ dán. Lẹ́yìn náà, iná mànàmáná a máa ta pàrà sí ojú rẹ̀ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ lè di oru gbígbóná tí ń tan ìmọ́lẹ̀. Ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, tí gígùn ìgbì rẹ̀ kì í yí padà. Ẹni tí ó bá da iyọ̀ sínú iná tí ó rí i tí ọwọ́ iná náà pọ́n bí ọsàn ti rí àpẹẹrẹ èyí. Ní Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1859 sí 1860, Bunsen àti Kirchhoff fi hàn pé irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè sọ ohun tí ń jó. Ẹ̀rọ tí ń pín ìmọ́lẹ̀ náà sí ọ̀nà ọ̀nà ń ka ìwọ̀n imí-ọjọ́, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti bàbà jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí irin tó kúrò nínú ìléru. Ìwọ̀n tí ó ń kà kéré gan-an. Bí imí-ọjọ́ bá jẹ́ 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, gíráàmù 50 péré ni ó wà nínú kìlógíráàmù 100, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ààlà ohun tí ọ̀pá irin ìkọ́lé lè gbà.

Ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì gidigidi níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú àti Ògíjó. Okùn iná àti mọ́tò ògbólógbòó ní bàbà. Irin ń fẹ́ ọ́síjìn ju bàbà lọ, nítorí náà ọ́síjìn kò lè jó bàbà kúrò nínú irin. Bí ẹ̀rọ bá ti sọ pé bàbà pọ̀ jù, àfi kí wọ́n da irin tí ó mọ́ sí i, tàbí kí wọ́n má lò ó fún iṣẹ́ tí ó gba agbára. Ẹni tí ó ṣàwárí lẹ́yìn tí irin ti dì ti pẹ́ jù.

Ahásínú ni ó ṣòro jù. Ẹ̀rọ apín-ìmọ́lẹ̀ lè sọ iye ohun tí ó wà, ṣùgbọ́n kì í sábà sọ bí ẹ̀kún rẹ̀ ti tóbi tó tàbí ibi tí ó wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì McGill ní Kánádà ṣe ẹ̀rọ kan fún alumíníọ̀mù yíyọ́. Mẹ́táàlì náà ń gba inú ihò tóóró kan kọjá, iná mànàmáná sì ń gba inú ihò kan náà. Nígbàkúùgbà tí ẹ̀kún kan bá ń kọjá, iná náà a dojú kọ ìdínà díẹ̀, ẹ̀rọ a sì kà á. Sítíìlì gbóná ju alumíníọ̀mù lọ gan-an, nítorí náà wọ́n sábà máa ń dúró kí ó dì kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ amóhun-kékeré-tóbi tàbí ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wá ahásínú inú rẹ̀.

5. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún lílò

Mẹ́táàlì: orúkọ àpapọ̀ fún irin, bàbà, òjé, wúrà àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Bí irin bá ṣe orúkọ àpapọ̀, gbólóhùn bíi “irin tí ó ní irin nínú” yóò di aláìnítumọ̀.

Irin yíyọ́: irin tí ó wà ní ipò omi. Iṣẹ́ yíyọ́ irin fúnra rẹ̀ ni kí a pè ní ìyọ́rin, kí ipò àti iṣẹ́ má ba à jọra.

Àbàwọ́n: ohunkóhun tí kò yẹ mẹ́táàlì tí ó wà nínú rẹ̀. Àdàpọ̀: èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i. Ògidì: aláìlábàwọ́n.

Aléfòó, ahásínú, ayọ́sínú: oríṣi àbàwọ́n mẹ́ta. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, a-, ni ó wà lórí ọ̀rọ̀ ìṣe léfòó, há àti yọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ọ̀kan yóò lè mọ ìyókù. Sínú ni ó sì ń yà yọ́ ti iyọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára yọ́ ti yìnyín.

Àbùwò: ìwọ̀nba mẹ́táàlì tí a bù fún àyẹ̀wò.

Ẹ̀rọ apín-ìmọ́lẹ̀: ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ dá ẹ́límẹ́ǹtì mọ̀. Àwọn kan lè fẹ́ lo tú dípò pín, ṣùgbọ́n bí tú bá wọnú ìmọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó jáde sún mọ́ túmọ̀ jù.

6. Àtakò kan

Àwọn kan yóò sọ pé yíyá gbogbo orúkọ láti èdè òyìnbó ni ó rọrùn jù. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀ fún orúkọ ẹ́límẹ́ǹtì, ìdí nìyí tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti máńgánísì fi wà nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni ẹ́límẹ́ǹtì ní. Aléfòó, ahásínú àti ayọ́sínú jẹ́ àlàyé. Iṣẹ́ ìdánwò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, lábẹ́ àbójútó Babs Fafunwa, lo Yorùbá láti kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1984, sì ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ohun tí ó kù ni kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé inú ìléru.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ẹni tí ń jó irin ní etí òkun Lẹ́kí, tí Yorùbá ni èdè tí ó fi ń ronú, lè gba ìwé ẹ̀rí irin tí ó kún fún nọ́ńbà. Bí ẹnì kan bá sọ fún un pé ìdọ̀tí wà nínú irin náà, yóò fi aṣọ nù ún, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ahásínú pọ̀ nínú pátákó náà, tí ó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀, yóò mọ̀ pé àléébù náà kò sí lójú, abẹ́ ibi tí òun fẹ́ jó ni ó wà. Yóò dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró, yóò sì béèrè fún pátákó mìíràn.