Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: OMI LÓ DÀNÙ, AGBÈ KÒ FỌ́

(A) Ka àyọkà yìí dáradára.

Ṣé o ti rí ọmọ tí ó pọn omi bọ̀ láti odò rí? Bí ó bá fi ẹsẹ̀ kọ, tí omi inú agbè rẹ̀ sì dà sílẹ̀, ohun méjì ni ó lè ṣe. Ó lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ó máa wo ibi tí ilẹ̀ ti fa omi náà mu, kí ó sì máa sunkún títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó sì lè yẹ agbè rẹ̀ wò. Bí agbè náà kò bá fọ́, yóò padà sí odò lọ pọn omi mìíràn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Òwe yìí ni wọ́n fi ń tu ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú nínú. Wọ́n tún lè fi tu ẹnikẹ́ni tí ó pàdánù ohun kan nínú.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, bóyá Jójú ni o ń gbé, tàbí Sángó, tàbí Ọ̀tà gan-an. O mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ pọ̀ ní agbègbè yìí, àti pé iṣẹ́ ni ó gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn wá síbẹ̀ láti ìlú mìíràn. Ó lè jẹ́ pé bí àwọn òbí rẹ ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn. O fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ìyá rẹ àgbà, àti igi máńgòrò tí ẹ máa ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ ń kọ́ yín ní ìṣirò, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ, tí ẹ kò sì gbé inú ilé tí ẹ ń gbé tẹ́lẹ̀ mọ́. Tàbí kẹ̀, o gba ipò kejìdínlọ́gbọ̀n ní sáà tí ó kọjá, ojú sì ń tì ọ́ títí di òní. Nǹkan báyìí máa ń dunni. Kí ni kí ènìyàn ṣe sí ohun tí ó ti kọjá? Jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn ọmọ Yorùbá kan tí ó pàdánù ju èyí lọ.

Ní ìlú Òṣogùn, ní apá Ìsẹ́yìn, ni a bí Àjàyí sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, àwọn ológun já wọ ìlú náà. Wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú. Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ wà lára wọn. A fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin kan. Lẹ́yìn náà, a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti kó o sínú ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun. Wọ́n dá àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró.

Ro ipò tí ọmọ yìí wà wò. Ìlú rẹ̀ ti di eérú. Kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Kò sí ọ̀nà láti padà sílé. Bí ó bá jókòó tí ó ń fi ojoojúmọ́ ronú nípa àwọn tí ó tà á, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ṣùgbọ́n Àjàyí gbájú mọ́ iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀. Ó kọ́ ìwé kíkà, ó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ní 1825, ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay.

Ṣé Àjàyí gbàgbé àná ni? Rárá o. Ní 1837, ó kọ lẹ́tà gígùn kan, ó sì ròyìn bí wọ́n ṣe mú un lẹ́rú sínú rẹ̀. Kò gbàgbé èdè ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1843, a tẹ ìwé tí ó ṣe lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ohun tí ó wúlò nínú àná ni ó mú dání.

Ní 1846, iṣẹ́ ìjọ gbé e dé Abẹ́òkúta. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé ni wọ́n tẹ ìlú náà dó ní nǹkan bí 1830. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún náà, ìyá arúgbó kan wá bá a. Àfàlá ni, ìyá rẹ̀! Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn lójú ìyá. Ó ti tó nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti rí ara wọn. Ìwọ náà wò ó: bí Àjàyí bá ti kọ̀ láti kọ́ ẹ̀kọ́ ní Sàró nítorí ìbànújẹ́, kí ni ìbá gbé e dé Abẹ́òkúta? Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní Ìjọ Áńgílíkà. Ó kú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891.

Àwọn àgbà tún ń pa á lówe pé, "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn." Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà ń wá ohun tí ó gbé e ṣubú. Ìwọ ṣe méjèèjì. Bí o kò bá ṣe dáadáa ní sáà tí ó kọjá, wo ìṣirò tí o kò rí ṣe, bi olùkọ́ rẹ léèrè, kí o sì ṣí ìwé iṣẹ́ ti òní. Bí àárò ọ̀rẹ́ rẹ bá ń sọ ọ́, kọ lẹ́tà sí i, kí o sì bá ẹni tí ó jókòó tì ọ́ ní kíláàsì ṣeré pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n mọ èyí: bí ẹnìkan bá ń ṣe ọ́ ní ibi, má ṣe dákẹ́. Sọ fún òbí tàbí olùkọ́ rẹ. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lónìí kì í ṣe ohun àná.

(B) Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀

agbè: igbá tí a fi ń pọn omi tàbí tí a fi ń gbé ẹmu
gbájú mọ́: fi gbogbo ọkàn sí nǹkan
tẹ̀dó: bẹ̀rẹ̀ sí gbé ní ibì kan títí ó fi di ìlú
Sàró: ilẹ̀ tí Freetown wà

(D) Dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Ohun méjì wo ni ọmọ tí omi rẹ̀ dànù lè ṣe?
2. Ìlú wo ni a bí Àjàyí sí?
3. Kí ni a fi Àjàyí pààrọ̀?
4. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé Àjàyí kò gbàgbé àná?
5. Kí ni ó gbé Àjàyí dé ibi tí ìyá rẹ̀ ti rí i?
6. Nínú ìtàn yìí, kí ni "omi"? Kí ni "agbè"?

(E) Iṣẹ́ àṣetiléwá

Bi òbí rẹ tàbí àgbà kan ládùúgbò rẹ pé: "Ìlú wo ni ẹ ti wá sí ibí yìí? Kí ni ẹ kọ́kọ́ ṣe nígbà tí ẹ dé?" Kọ gbólóhùn mẹ́fà lórí ìdáhùn tí wọ́n bá fún ọ.